Àpótí Ìmọ̀: Ọnà Èdè Lẹ́nu Aláta

Dúró díẹ̀ níwájú aláta ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin. “Tàtàṣé mi pọ́n bí osùn!” Ọ̀rọ̀ náà “bí” so nǹkan méjì pọ̀, àfiwé tààrà nìyẹn. “Rodo yìí, iná ni!” Kò sí “bí” mọ́: rodo ti di iná. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ là ń pè é, òun ló sì wù mí jù, torí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ronú kan ohun tó pa ata àti iná pọ̀: méjèèjì a máa jóni. “Ata ń pè yín o!” Ìfohunpènìyàn ni, ata kò lẹ́nu. Ọ̀rọ̀-ìperí ni irú orúkọ ọnà èdè báwọ̀nyí; ní 1984 ni ìwé tó dá lé wọn, Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, jáde, kí a lè máa fi Yorùbá kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá tún rán ọ lọ́jà, gbọ́ ti alálùbọ́sà náà.