Ọba Kì Í Mú Ọ̀kọrin, Ayàwòrán Ńkọ́?

Àwòrán ẹ̀fẹ̀, tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní kàtúùnù, ni àwòrán tí a fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn, nípa fífẹ ìwà náà lójú títí ẹni tí kò bìkítà fún un tẹ́lẹ̀ yóò fi rí i. Ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí èébú, orí ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé: ẹ̀fẹ̀ ń bá ìwà wí, èébú ń bá ara wí. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ní Eneka, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor tí Port Harcourt ti gbilẹ̀ dé, bá ya aláṣẹ kan tí imú rẹ̀ tóbi bí ìkòkò, tí kò sì sí ohun kan tí aláṣẹ náà ń ṣe nínú àwòrán, èébú ni ó yà, bí ó ti wù kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín tó.

Àwọn Yorùbá ti mọ ẹ̀fẹ̀ kí bébà tó dé. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin tí ń fi ìbòjú bo ojú, máa ń jáde kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wáyé lọ́sàn-án, ó sì máa ń fi orin tú àṣírí olè, apanilẹ́kún àti aláṣẹ tí ó ṣi agbára lò, láìsí ẹni tí ó lè fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí orin náà, nítorí pé abẹ́ ààbò àwọn ìyá, ìyẹn àwọn obìnrin alágbára tí a ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ sí, ni ó wà. Láti ibi irú àṣà báyìí ni a ti lóye ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ pé ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n orin òru máa ń bá òru lọ, nígbà tí àwòrán máa ń wà nílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó yà á. Ní ọdún 1832, wọ́n ju Honoré Daumier sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Faransé nítorí pé ó ya Ọba Louis-Philippe bí òmìrán alájẹkì tí ń gbé owó àwọn tálákà mì. Ní Nàìjíríà lónìí, abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní 2024, lè gbé ẹni tí ó fi irọ́ ránṣẹ́ dé ilé ẹjọ́. Ayàwòrán kò ní ìbòjú bí Ẹ̀fẹ̀, òótọ́ tí ó lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn ni ìbòjú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn èrò ọkọ̀ ya ẹnikẹ́ni.

Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ẹni tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lára rẹ̀. Ní ọdún 1944 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀fẹ̀ nípa ìjọba amúnisìn sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. (Azikiwe yìí kan náà ni ó dá Eastern Nigeria Guardian sílẹ̀ ní Port Harcourt ní 1940, nítorí náà ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí ìwé ìròyìn tí ń bá aláṣẹ fà á.) “Lash” ni ó máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, gékúrú orúkọ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pàṣán ní èdè àwọn tí ó ń nà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti òkè òkun ni ó fi kọ́ṣẹ́, ó sì mọ bí a ti ń fi ọ̀dà ya ènìyàn kí ó jọ ènìyàn gan-an. Ẹni tí kò lè ya ojú kí ó tọ́, kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti wọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù wà lọ́dọ̀ Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó gbẹ́ ère ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tòun ti àkẹtẹ̀ àti tábìlì ìkọ̀wé, tí ó sì fi yíǹkì dúdú àti pupa kùn wọ́n. Àwọn òyìnbó rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní lọ́kàn ni láti gbẹ́ wọn bí ojú rẹ̀ ti rí wọn. Kí ọ̀dọ́ má ṣe máa wá ẹ̀rín kiri. Kí ó wo nǹkan dáadáa, ẹ̀rín yóò wá fúnra rẹ̀.

Ní Eneka, ohun tí ó yẹ kí a wò kò jìnnà. Láti òpin ọdún 2016 ni èérí dúdú ti ń bọ́ láti ojú sánmà sórí fèrèsé, aṣọ sísá àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé ní Port Harcourt, lára ohun tí ó sì fà á ni epo rọ̀bì tí wọ́n ń sè láìgbàṣẹ, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kpo-fire. Ọ̀gbẹ̀rì yóò ya èéfín, yóò sì kọ “èéfín” sí i lára. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò ya ìjòyè aláṣọ funfun tí ń sọ fún àwọn oníròyìn pé afẹ́fẹ́ mọ́, nígbà tí ìka tí ó ń nà sí wọn ti dúdú. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ aṣọ tí yóò wọ̀ fún un: bí ọmọ Yorùbá tí ń gbé láàárín àwọn Ikwerre tí wọ́n ni ilẹ̀ Eneka bá ń wọ ẹ̀wù etibo àti fìlà òyìnbó fún gbogbo olè tí ó bá yà, kì í ṣe olè kan ni ó bá wí mọ́, gbogbo ọkùnrin etí odò ni ó pè ní olè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí lára òun náà bí ẹlòmíràn bá dé olè ní abetí-ajá.

Ti ẹ̀sìn le ju gbogbo èyí lọ. Àwòrán Ànábì Muhammad tí ìwé ìròyìn kan tẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì ní oṣù Kẹsàn-án 2005 fa ìpakúpa ní Maiduguri ní oṣù Kejì 2006, wọ́n sì gbẹ̀san ní Onitsha. Bóyá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú fojú kan àwòrán náà rí. Kí ayàwòrán ya ohun tí oníwàásù ń fi owó ìjọ ṣe, kí ó fi ohun tí ìjọ ń sìn sílẹ̀.

Ó ku ti fóònù. Àwòrán tí a bá fi sórí WhatsApp lè já kúrò lára àlàyé tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, nítorí náà kí ọ̀dọ́ kọ orúkọ àti ọjọ́ sínú àwòrán gan-an, nítòsí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gé e kúrò láìba àwòrán náà jẹ́.