Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ti Í Ṣe Búrẹ́dì Ayangbẹ fún Súùpù àti Sàláàdì

Àlàyé fún olùṣèdánwò

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí tí a fi ń sọ bí a ti ń ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé irú àròkọ yìí rọrùn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Wọn yóò kọ ọ́ báyìí pé: ‘A ó gé e, a ó da òróró sí i, a ó yan án, ó parí.’ Èyí kì í ṣe àlàyé rárá. Orúkọ iṣẹ́ lásán ni wọ́n kà sílẹ̀. Ẹni tí kò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí kò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí o bá fẹ́ kí àròkọ rẹ yege, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Kí ni a ó ṣe? Èé ṣe tí a fi ń ṣe é? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó? Wo bí a ti dáhùn wọn nínú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí.

Ìlapa èrò

(i) Ìfáàrà: ohun tí búrẹ́dì ayangbẹ jẹ́ àti ìwúlò rẹ̀
(ii) Irú búrẹ́dì tí ó yẹ
(iii) Àwọn èlò. Gígé àti fífi òróró pa á
(iv) Yíyan án lórí iná
(v) Títọ́jú rẹ̀ àti lílò ó
(vi) Ìgúnlẹ̀

Àpẹẹrẹ àròkọ

Búrẹ́dì ayangbẹ ni búrẹ́dì tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi òróró pa, tí a sì yan títí tí ó fi gbẹ dé inú. Bí a bá fi eyín rún un, a máa dún wómúwómú. ‘Croûton’ ni àwọn ará Faransé ń pè é. Òkèlè ni a fi ń jẹ ọbẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ṣíbí ni àwọn ará Yúróòpù fi ń mu súùpù wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì kúnná tí eyín kò rí nǹkan rún níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọ́n búrẹ́dì yìí sí i lójú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ju ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí sínú gàrí mímu. A tún ń lò ó fún sàláàdì. Sàláàdì Caesar, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Caesar Cardini ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Tijuana ní Mẹ́síkò ní 1924, kì í pé láìsí i.

Búrẹ́dì àná tàbí ti ìjẹta ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò rọ̀ jù. A máa fún pọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ilé tí ó bá ń da búrẹ́dì líle nù, owó ni ó ń dà nù. Ṣùgbọ́n líle yàtọ̀ sí bíbu. Bí a bá rí èébu aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lára búrẹ́dì, tàbí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Kí a má ṣe gé ojú ibẹ̀ nìkan kúrò, nítorí pé èébu a máa ta gbòǹgbò wọ inú búrẹ́dì níbi tí ojú kò lè rí, ooru iná kì í sì í pa gbogbo oró tí ó bá fi sílẹ̀.

Àwọn èlò kò pọ̀: búrẹ́dì ègé mẹ́rin tí ó nípọn bí ìka ọwọ́, òróró ṣíbí ìjẹun méjì, iyọ̀ díẹ̀, àti táìmù gbígbẹ tàbí ata gígún fún ẹni tí ó bá fẹ́. A ó fi ọ̀bẹ eléyín gé búrẹ́dì náà sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin lórí pákó. Kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, nítorí pé àwọn kéékèèké yóò jóná kí àwọn ńlá tó gbẹ. A ó kó wọn sínú abọ́ fífẹ̀, a ó máa ta òróró sí wọn díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa fi ọwọ́ dà wọ́n pọ̀ jẹ́jẹ́. Bí òróró bá ti kan gbogbo wọn, tí kò sì sí èyí tí ó dúró sí ìsàlẹ̀ abọ́, ó ti tó. Nígbà náà ni a ó wọ́n iyọ̀ àti táìmù sí i.

Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ́ wọn sórí àwo pẹrẹsẹ tí ó lè wọ inú ààrò. Kí ọ̀kan má ṣe gun orí èkejì, kí oru omi inú wọn lè rí ọ̀nà jáde. Ààrò tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò yan wọ́n ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. A ó sì yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan ní agbedeméjì. Ẹni tí kò ní ààrò lè lo páànù ìdínǹkan tí ìdí rẹ̀ nípọn lórí iná tí kò le, kí ó sì máa rò wọ́n láìdúró. Iná líle ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: ẹ̀yìn búrẹ́dì yóò pọ́n nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì tún rọ̀ bí ó bá tutù. Búrẹ́dì Agége tí ó dùn nílò iná tí ó tún rẹlẹ̀ sí i, nítorí pé ṣúgà a máa tètè jóná. Àwọn àgbà ní ayangbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí ni a ó máa jẹ kí ajá tó gbẹ? Ti búrẹ́dì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró fún ìṣẹ́jú 15 ni yóò jẹ èyí tí ó rọ̀. Bí ó bá ti pọ́n bí ẹ̀pà sísun, kí a ṣẹ́ ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá gbẹ bí ẹ̀yìn, ó ti jinná.

Kí a jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí a tó dé e mọ́ inú agolo, nítorí pé oru rẹ̀ yóò di omi lára ìdérí, omi náà yóò sì mú un rọ̀. Nínú agolo tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí a bá ti bu súùpù tán ni kí a tó wọ́n ọn sí i. Bí a bá dà á sínú ìkòkò, yóò ti di ẹ̀kọ kí àlejò tó jókòó.

Báyìí ni a ti í sọ búrẹ́dì tí àwọn mìíràn ìbá dà sí ààtàn di ohun tí a lè gbé síwájú àlejò. Kò gba owó púpọ̀. Sùúrù àti iná tí kò le ni ó gbà.

Àkíyèsí

1. Ka ‘nítorí’ àti ‘kí … lè’ tí ó wà nínú àròkọ yìí. Àwọn ni wọ́n gbé ìdí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde.
2. Má ṣe fi ‘lẹ́yìn náà’ bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn. Lo ‘nígbà náà ni’, ‘bí … bá ti’, ‘kí a tó’.
3. Ṣọ́ra fún àmì ohùn. Ẹni tí ó *yan* búrẹ́dì fi iná sí i. Ẹni tí ó *yàn* búrẹ́dì ṣà á láàrin àwọn mìíràn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí. Kọ ìlapa èrò rẹ ná.

(a) Bí a ti í ṣe àádùn
(b) Bí a ti í din ìpékeré
(d) Bí a ti í ṣe róbó