Òùngbẹ, Ooru àti Ààwẹ̀ Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́

Omi mímu nígbà ooru ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lóṣù yìí. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láti Bọ́láde dé abẹ́ afárá Òṣòdì, tí wọ́n ru píọ̀ wọ́tà lórí, tí àwọn gan-an kò sì tíì fi omi kan ẹnu láti àárọ̀.

Ara ọmọ ènìyàn kì í fẹ́ gbóná ju dígírì 37 lọ púpọ̀. Òógùn ni Ọlọ́hun fi ń tù ú: bí òógùn bá ṣe ń gbẹ lára ni ooru ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sà àti òkun yí Èkó ká, afẹ́fẹ́ wa kò gbẹ. Òógùn wa kì í tètè gbẹ, ńṣe ló ń kán. Omi ń jáde lára, ìtura kò wọlé. Nítorí náà, kí a má ṣe fọkàn balẹ̀ pé ooru tiwa kò tó ti ilẹ̀ Hausa.

Ẹni tí kò gbààwẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, kó má dúró de òùngbẹ. Ìdajì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú sàn ju kó gbé ọ̀rá mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó máa wo ìtọ̀ rẹ̀: bó bá dúdú bí àgbo, omi ti dínkù lára. Mínírà tútù kò lè rọ́pò omi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ. Púpọ̀ nínú àwọn arábìnrin wa tí ń tajà ló ń mọ̀ọ́mọ̀ má mu omi, nítorí kò sí ilé ìtọ̀ tó mọ́ nítòsí. Omi tí a kò mu àti ìtọ̀ tí a dá dúró a máa fa àìsàn ọ̀nà ìtọ̀. Mọ́sáláásí tó ní omi àlùwàlá àti ilé ìtọ̀, tó wá ti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin pa títí di ọjọ́ Jímọ̀, kò ṣe é dáadáa lójú tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi ààwẹ̀, nítorí lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, inú ooru ni Ràmàdáànì ń bọ́ sí. Nínú ti ọdún 2024, ooru dé dígírì 48 àti àbọ̀ ní Kayes, ní orílẹ̀-èdè Màlì, lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin. Ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ka òkú 102 láàrin ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, ó sì ṣeé ṣe kí ooru lọ́wọ́ nínú púpọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan rò pé ẹni tí òùngbẹ mú tú ààwẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lágbára ni. Imaamu Maaliki gbà á wá nínú Muwatta pé lọ́dún tí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń lọ ṣí Mẹ́kà, ó pàṣẹ kí àwọn èrò tú ààwẹ̀, òun sì ń gbà á. Wọ́n rí i ní Al-Arj tó ń da omi sórí nítorí òùngbẹ tàbí ooru. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kan ṣì ń gbààwẹ̀ nítorí pé òun ń gbà á. Nígbà tó dé Al-Kadid, ó béèrè ohun mímu, ó mu ún, àwọn èrò sì tú ààwẹ̀ wọn.

Àwọn onímọ̀ Maaliki sọ pé ẹni tó bá bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, dandan ni kó tú u, kó sì san án padà lẹ́yìn Ràmàdáànì. Kì í ṣe ti ẹni tí òùngbẹ lásán ń gbẹ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ o! Alábàárù tí iṣẹ́ rẹ̀ le yóò dá ààwẹ̀ lóru, yóò jẹ sààrì, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí agbára bá pin ni yóò tó mu omi. Kó má sì kó gbogbo omi jọ sí sààrì, ìtọ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ yóò bá lọ. Láti ìṣínu títí di sààrì ni kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ń sọ ìsọkúsọ nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ máa lé àlùjọ̀nnú. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹnìkan sì yára wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu.