Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ ABẸ́RẸ́ TI KÉRÉ TÓ, KÌ Í ṢE MÍMÌ FÚN ADÌẸ

  Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí jẹ mọ́ oúnjẹ tí à ń tà àti ìdáhùn tí à ń fún oníbàárà.

Àwọn oníbàárà kan ń wá sọ́dọ̀ wa láti Ìjàpọ̀ Estate, tí wọn kì í kọ́kọ́ bèèrè iye owó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ìyá, kí lẹ fi ṣe é? Ẹ̀rọ wo lẹ fi lọ̀ ọ́? Ṣé kóńgò tẹ́ ẹ fi wọn fúláwà nìyẹn?" Àwọn kan nínú wa ń pè wọ́n ní oníyọnu, àwọn míì ní yangà àwọn ará Estate ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Ó lè jẹ́ pé ìyá náà ní ọmọ nílé tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní sílíàkì. Ìlera ọmọ náà wà lọ́wọ́ ohun tí a bá wí fún un.

KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Nínú àlìkámà, ìyẹn ọkà tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà búrẹ́dì, ohun kan wà tí à ń pè ní gúlútẹ́nì. Òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí a pò máa fà bíi rọ́bà, òun ló sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Ó wà nínú ọkà bálì tí wọ́n fi ń ṣe mólítì, ó sì wà nínú ọkà ráì tí kì í sábà dé ọjà wa.

Púpọ̀ nínú wa ń jẹ ẹ́, kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní sílíàkì, bí gúlútẹ́nì bá ti wọ inú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà á kọjú ìjà sí ìfun ẹni náà fúnra rẹ̀. Inú ìfun wa rí bí aṣọ ìnura tó ní irun wẹ́wẹ́. Irun yìí ló ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjà náà bá pẹ́, irun á jẹ dànù, ìfun á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ ìnura tó ti gbó. Èèyàn á máa jẹun, oúnjẹ ò ní hàn lára rẹ̀.

Àwọn àmì tó wọ́pọ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ, inú rírun àti inú wíwú, rírù, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, egungun dídùn, àti ọmọ tí kò dàgbà tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í yàgbẹ́ gbuuru rárá, ó kàn máa ń rẹ̀ wọ́n ṣáá ni. Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe ọmọ náà, oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe é.

Àìsàn yìí kì í ràn, ṣùgbọ́n ó máa ń wà nínú ìdílé. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó. Ohun kan ṣoṣo tó wà ni kí ẹni náà yẹra fún gúlútẹ́nì títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, irun inú ìfun á tún hù, ara á sì mókun.

BÍ WỌ́N ṢE MỌ̀ PÉ BÚRẸ́DÌ NI

Dókítà kan wà ní ilẹ̀ Họ́láǹdì tí ń jẹ́ Willem-Karel Dicke. Àwọn ọmọdé ló ń tọ́jú. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, ìyàn ńlá mú nílẹ̀ wọn, búrẹ́dì di àwátì. Àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí sì ń sàn nígbà tí ebi ń pa àwọn yòókù. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ní 1950 ó kọ ohun tó rí nípa àlìkámà sínú ìwé tó fi gboyè ní Yunifásítì Utrecht.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn òyìnbó ni. Àwọn Sàhàráwì, ará Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n. Láti 1975 ni ogun ti lé ọ̀pọ̀ wọn lọ sí àgọ́ lẹ́bàá Tindouf ní Àlùjéríà, tí búrẹ́dì àlìkámà sì di olórí oúnjẹ wọn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 nípa àwọn ọmọ wọn fi hàn pé ó lé ní 5 nínú ọmọ 100 tó ní in. Ní Yúróòpù, nǹkan bí ẹnìkan nínú 100 ni.

OHUN TÍ ẸNI NÁÀ LÈ JẸ

Nínú oṣù kìíní 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà, 1992 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Àwa tí a ti gbọ́n nígbà náà rántí bí búrẹ́dì ṣe gbówó lórí. Iṣu, pákí, àgbàdo àti ẹ̀wà la fi yó. Oúnjẹ wọ̀nyí kan náà ni ẹni tó ní sílíàkì ń wá.

Ó lè jẹ iyán, àmàlà, láfún, ẹ̀bà, fùfú àti púpurú tiwa. Ó lè jẹ ìrẹsì, ẹ̀wà, ògì àgbàdo, ẹ̀kọ, ọkà bàbà, kókò, ọ̀dùnkún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àkàrà àti mọ́ínmọ́ín kò ní gúlútẹ́nì, bí a kò bá ti fi fúláwà kún ẹ̀wà náà kó lè ki. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, èso àti epo, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ohun tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn ni búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́ọ̀fù, bọ́ǹsì, chin-chin, mít-páì, kéèkì, bísíkíìtì, sẹ̀mó, Indomie àti irú rẹ̀, sùpàgẹ́tì àti màkàróní. Àlìkámà tí àwọn onítọ̀ọ́ ṣúgà ń rò jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ búrẹ́dì pákí náà tàn yín. Èyí tí ìjọba ń polongo láyé Ààrẹ Jonathan, ìdá 40 nínú 100 ni pákí, àlìkámà ni ìyókù. Mólítì àti bíà ńkọ́? Òmíràn jẹ́ ọkà bàbà, òmíràn ní ọkà bálì nínú. Ẹ ka ara ìgò. Ẹ ka ara páálí màgí àti ọ̀rá pándo pẹ̀lú.

IBI TÍ EWU WÀ LỌ́DỌ̀ ÀWA ỌLỌ́JÀ

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú ègé búrẹ́dì kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 40. Gúlútẹ́nì tó wà nínú ọ̀kan péré, tí ẹni tó ní sílíàkì bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó tó láti máa ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nítorí náà oúnjẹ tó dára lè ti ọwọ́ wa bàjẹ́.

1. Ẹ̀rọ ìlọ̀. Bí wọ́n bá lọ àlìkámà tán, tí wọ́n da èlùbọ́ lé e, àlìkámà tó kù nínú ẹ̀rọ á bá èlùbọ́ jáde. Fífi ọwọ́ gbá ẹnu ẹ̀rọ kò tó. Èyí tó dára jù ni ẹ̀rọ tí wọn kì í fi lọ àlìkámà rárá. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ méjì ya ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà.

2. Kóńgò, asẹ́ àti àpò. Kóńgò tí a fi wọn fúláwà, tí a tún kì bọ inú gàárì, ti kó àlìkámà lọ síbẹ̀. Àpò fúláwà tí a gbọ̀n tí a sì da gàárì sí, bákan náà ni. Ẹ wo ojú rírán àpò náà, fúnfun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àpò tuntun tàbí ike tó mọ́ ni kí a fi kó ọjà irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

3. Epo dídín. Àkàrà tí a dín nínú epo tí pọ́fù-pọ́ọ̀fù ti jáde kì í ṣe àkàrà rẹ̀ mọ́. Dùńdú àti dòdò náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Iná kì í pa gúlútẹ́nì bó ṣe ń pa kòkòrò.

4. Ọ̀bẹ, pátákó àti ṣíbí. Ọ̀bẹ tó gé búrẹ́dì kò gbọdọ̀ gé ẹyin rẹ̀. Ṣíbí tó ro sẹ̀mó kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò àmàlà rẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kí á fi fọ̀ ọ́, kí á má kàn fi àkísà nù ún.

5. Ògì àdàlù. Àwọn kan ń po ọkà bàbà, sóyà, ẹ̀pà àti àlìkámà pọ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́. Oúnjẹ gidi ni fún ọmọ mìíràn. Kí ẹni tó ń tà á máa dárúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kó má kàn sọ pé ògì ni.

BÍ A Ó ṢE DÁ ONÍBÀÁRÀ LÓHÙN

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nísọ̀ wa. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà. Èkíní: "Àlìkámà wà níbẹ̀, ẹ má rà á." Èkejì: "Kò sí níbẹ̀, èmi ni mo ṣe é, mo mọ ẹ̀rọ tí mo fi lọ̀ ọ́." Ẹ̀kẹta: "Èmi ò mọ̀." Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀kẹta. Ìdáhùn tó burú ni, "Ẹ fún un jẹ, díẹ̀ ò lè pa á." Òótọ́ ni, kò ní ṣubú lójú ẹsẹ̀ níwájú ìsọ̀ wa. Ìfun rẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́ nílé, tí a kò ní rí i.

Èrè wà níbẹ̀ o. Kóńgò kan péré tí a yà sọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá tó bá ti mọ̀ pé gàárì wa mọ́ kò tún ní ná ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un. Níbi ìnáwó, bí ẹnìkan bá kọ oúnjẹ wa, ká má bínú pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú wa, ká má sì sọ pé "jẹ ẹ́ nítorí tèmi." Bí ọmọ bá ń lọ iléèwé, kí ìyá rẹ̀ di oúnjẹ fún un, kó sì sọ fún tíṣà, torí àwọn ọmọ á máa pín bísíkíìtì.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fura sí ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Kó má tíì dẹ́kun búrẹ́dì kó tó ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì lè gba ẹnu wo inú ìfun kí wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti fi àlìkámà sílẹ̀ ṣáájú, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan wà.

ÌBÉÈRÈ TÍ A Ó DÁHÙN NÍPÀDÉ

1. Kí ló dé tí búrẹ́dì pákí kò dára fún ẹni tó ní sílíàkì?
2. Ọ̀nà mélòó ni àlìkámà lè gbà wọ inú gàárì tí a kò fi fúláwà sí?
3. Ta ni nínú wa tó lè ya ẹ̀rọ tàbí kóńgò kan sọ́tọ̀ láti oṣù tó ń bọ̀?
4. Bí oníbàárà bá bèèrè ohun tí a kò mọ̀, kí la ó sọ?

Kí olúkúlùkù ka ẹ̀kọ́ yìí fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ìsọ̀ rẹ̀. A ó pàdé, àlàáfíà la ó bá ara wa o.