Owó Wúrà Tí A Ya Àlọ́ Sí

Ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni Hans Christian Andersen. Ó kọ àlọ́ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan tí wọ́n ń bú pé ó burẹ́wà. Nígbà tó dàgbà, àṣé ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ni!

Ní 2005, ó di 200 ọdún tí a bí Andersen. Ìjọba ibẹ̀ bá ya àlọ́ yìí sára owó. Wọ́n fi wúrà ṣe díẹ̀ fún àwọn tó ń kó owó jọ. Bàbà ni wọ́n lú pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn láti fi ṣe èyí tí a ń ná lọ́jà. Méjèèjì ló pọ́n. 10 krónà ló wà lára méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra o! Owó ti wúrà ju 10 krónà lọ fíìfíì. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ má wo àwọ̀ nìkan, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Àwọn ìyá wa tó ń ta góòlù mọ̀ ọ́n: wúrà wúwo ju bàbà.