Káàdì Lè Kú, Owó Kì í Bá a Kú

Ìlọfà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti ròyìn fún mi. Ó ní wọ́n ṣàdédé ti àkáǹtì orí fóònù tí àwọn oníbàárà rẹ ní Ìlọrin ń san owó iṣu sí, káàdì rẹ sì kọ̀ nídìí POS lójú àgbẹ̀ tó ń dúró gbowó. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìtìjú ńlá ni, àmọ́ ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Owó rẹ kò sí nínú káàdì. Orúkọ rẹ ló so mọ́. Báńkì pàápàá lè kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdu 2024, Báńkì Àpapọ̀, CBN, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. NDIC, àjọ tó ń ṣe ìdúró fún owó tí a fi sí báńkì, bẹ̀rẹ̀ sí san owó àwọn tó fi pamọ́ síbẹ̀, àmọ́ kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ fún ẹnì kan. Ẹni tí BVN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní báńkì, bá fi hàn pé ó ní àkáǹtì ní báńkì mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n san tiẹ̀ sí. Ta ló béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn?

Nítorí náà, kọ́kọ́ wádìí irú títì tó jẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ 2023, CBN pàṣẹ pé kí wọ́n de àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kówó má wọlé, kó má jáde. Bó bá jẹ́ èyí ni, àkáǹtì rẹ kò tíì kú. Yẹ ìwé rẹ wò dáadáa: ṣé kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ ló wà lára NIN, tí ti ọkọ rẹ wà lára àkáǹtì?

Bó bá jẹ́ pé wọ́n tì í pátápátá, béèrè ìdí rẹ̀, kí o sì fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn tí wọn yóò san ìyókù sí. Kọ ọjọ́, iye owó tó kù àti nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn gidi, gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Ẹni tó bá pè ọ́ pé òun fẹ́ bá ọ ṣí àkáǹtì náà, tó wá ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ, olè ni. Pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, wọ mọ́tò lọ sí Òmù-Àrán, kí o ṣí àkáǹtì ní báńkì tí o lè wọlé lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Máa fi ti orí fóònù tajà, àmọ́ owó iléèwé àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.

Bí orúkọ inú NIN yẹn kò bá bá ti àkáǹtì mu, lọ tún un ṣe kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.