Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣin: Èso Tí A Kì Í Kánjú Jẹ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni igi iṣin ti ṣẹ̀. Láyé òwò ẹrú ni ó dé Jàmáíkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹja oníyọ̀ sè é jẹ títí di òní.

Ṣùgbọ́n iṣin a máa pa ènìyàn. Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Hassall, Reyle àti Feng, kéde pé àwọn rí májèlé kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní hypoglycin. Májèlé yìí kì í jẹ́ kí ara lè sọ ọ̀rá di agbára; ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Ọmọdé tí kò jẹun kánú ni ó tètè ń ṣe léṣe. Ní ọdún 1998, ọmọ 29, láti ọdún 2 sí 6, ni ó kú nípa rẹ̀ ní Burkina Faso.

Kí ni kí a ṣe?

1. Kí a jẹ́ kí iṣin là fúnra rẹ̀ lórí igi. Ìgbà náà ni májèlé inú ẹran rẹ̀ ń dín kù. Kí a má fi ọwọ́ là á.

2. Kí a yọ kóró dúdú àti awọ pupa rẹ̀ dànù. Májèlé kì í kúrò nínú kóró.

3. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé sísè. Iná kò lè sọ iṣin tí kò gbó di oúnjẹ.

4. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, tó ń bì, tó ń tòògbé, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí a sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.

Ìbéèrè: Ní ilé tiwa, ta ni ó ń ká iṣin fún àwọn ọmọ?